Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọn Ọpọlọ Àgbàlagbà?

  

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kéú ti palẹ̀ wàláà wọn mọ́, ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ láti kékeré wá kí mi ní ilé kéú wa ní Iba. Ó ti ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ojo báyìí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, ṣùgbọ́n kò dìde. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Ó ní, “Àáfà, ìyá tí ó bí màmá mi ṣarán kí wọ́n tó kú. Nísinsìnyí, màmá mi náà ti ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Mo kà á pé àwọn dókítà ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí àìsàn ìgbàgbé mú ènìyàn lọ́jọ́ iwájú. Ṣé ó tọ́ kí n mú màmá mi lọ? Ṣé ó tọ́ kí èmi náà lọ? Àbí ohun ìkọ̀kọ̀ tí Ọlọ́run fi pamọ́ ni mo ń wá?”

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé n kò ní ohun tí n ó sọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ni, ó kan ohun tí mo ṣe sí ìyá tí ó bí mi. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà nígbà tí ó padà wá ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Ilé tí kò ní àgbàlagbà ní Ojo, ní Iba àti ní Okokomaiko kò pọ̀. Ẹni tí kò sì ní in lónìí, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di àgbàlagbà náà lọ́la.

Ṣé wíwá ohun ìkọ̀kọ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ìdí èyí. Ní ìparí Súrà Luqmān, Ọlọ́run jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí ẹ̀mí kan tí ó mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la, kò sì sí èyí tí ó mọ ilẹ̀ tí yóò kú sí. Ẹni tí ó bá dìde tí ó ní òun mọ̀ dájú pé lágbájá yóò ṣarán ní ọdún báyìí, irọ́ ni ó pa, ì báà jẹ́ pé ó wọ aṣọ funfun dókítà, ì báà jẹ́ pé iyanrìn ni ó tẹ́ síwájú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó rí i pé ojú ọ̀run ṣú, tí ó sì kó àgbàdo tí ó sá síta wọlé, kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run. Àmì ni ó rí, ó sì lo làákàyè tí Ọlọ́run fún un.

Ẹ rántí Sàyyídínà Umar nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ lójú ọ̀nà pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀. Ó yí padà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ni ó ń sá fún. Umar jẹ́ kí ó mọ̀ pé inú kádàrá Ọlọ́run ni àwọn ti ń kúrò, inú kádàrá Ọlọ́run kan náà ni àwọn sì ń bọ́ sí. Ànábì wa náà sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kíka àmì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ó bi ara wa ni pé, irú òṣùwọ̀n wo ni a fẹ́ fi kà á, kí sì ni a fẹ́ fi ohun tí a bá rí ṣe?

Ohun tí ìṣirò lè sọ àti èyí tí kò lè sọ

Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Finland gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n ń pè ní CAIDE. Àwọn tí ó wà ní agbedeméjì ọjọ́ orí ni wọ́n ṣe é fún. Wọn yóò wo ọjọ́ orí ẹni náà, iye ọdún tí ó lò ní ilé-ìwé, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, bí ó ṣe sanra tó, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ó ń lo ara. Wọn yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọn yóò sì rò ó pọ̀. Àròpọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí àìsàn ìgbàgbé mú un láàárín 20 ọdún sí ìgbà náà.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tí ó ń fa ewu yìí tí a sì lè ṣe nǹkan sí. Lára wọn ni àìrí ẹ̀kọ́ kọ́ nígbà èwe, etí tí kò gbọ́ràn mọ́, ojú tí kò ríran dáadáa tí a kò sì tọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, ìfarapa orí, àìlo ara, ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ, èéfín inú afẹ́fẹ́, àti dídá nìkan wà. Wọ́n ní bí ó bá ṣeé ṣe láti mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bí 45 nínú 100 àwọn tí àìsàn yìí ń mú ni kò bá má mú, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó mú wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí. Bí dókítà bá sọ fún ọ pé ewu tìrẹ jẹ́ 10 nínú 100, ohun tí ó ń sọ ni pé bí a bá kó 100 ènìyàn tí ó jọ ọ́ jọ, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà mú bí 10 nínú wọn, kí ó sì fi 90 sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá inú 10 ni o wà tàbí inú 90. Agbo ni ìṣirò mọ̀, kò mọ àgùntàn kan lórúkọ. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ẹni tí ó bá gba ìṣirò gẹ́gẹ́ bí àsọtẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe. Ẹni tí ó bá sì ní kò wúlò rárá dà bí ẹni tí ó rí ojú ọ̀run tí ó ṣú, tí ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí okùn.

Ẹ̀kọ́ láti Idikan

Ohun tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n tí a ṣe ní ọjà kan lè má bá ọjà mìíràn mu. A ní ẹ̀rí rẹ̀ ní ilẹ̀ wa níbí. Ní 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní àdúgbò Idikan ní Ìbàdàn. Lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun, tí ó kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi, àti Hugh Hendrie tí ó wà ní ìlú Indianapolis. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n wá àwọn ẹni ọdún 65 sókè. Wọ́n ṣe bákan náà láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Indianapolis, kí wọ́n lè fi ìhà méjèèjì wéra.

Kí ni wọn yóò fi yẹ arúgbó Idikan wò? Àwọn ìdánwò tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà, àwọn tí ó lọ ilé-ìwé ni wọ́n ṣe wọ́n fún: kọ gbólóhùn kan, ya àwòrán yìí, yọ 7 kúrò nínú 100, sọ déètì òní. Bí a bá fi èyí dán ìyá arúgbó tí kò mọ ìwé wò, yóò kùnà, kì í sì í ṣe nítorí pé iyè rẹ̀ ti ra. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ni yóò ní ẹga ń pàtótó. Nítorí náà, wọ́n lo ìdánwò mìíràn tí a ti kọ́kọ́ lò láàárín àwọn ẹ̀yà Cree ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún un ṣe kí ó lè bá ìgbésí ayé wa mu.

Apá méjì ni ìdánwò náà ní. Nínú apá àkọ́kọ́, wọn yóò bi arúgbó náà ní ìbéèrè. Nínú apá kejì, wọn yóò bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa: ǹjẹ́ ó ti yàtọ̀ sí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀? Ǹjẹ́ ó ń gbàgbé ibi tí ó kó nǹkan sí? Ǹjẹ́ ó ń ṣe iṣẹ́ ilé bí ó ti ń ṣe é? Ẹ fi apá kejì yìí sí ọkàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1995, wọ́n rí àìsàn ìgbàgbé lára 2.29 nínú 100 àwọn àgbàlagbà Idikan. Láàárín àwọn adúláwọ̀ tí ń gbé nílé wọn ní Indianapolis, ó jẹ́ 4.82, bí wọ́n sì ti ka àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó di 8.24. Ní 2001, wọ́n tún fi hàn pé iye àwọn tí àìsàn náà ń mú ní tuntun lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ohun àjogúnbá kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní APOE e4. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ẹni tí ó bá ní in wà nínú ewu púpọ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá náà, síbẹ̀ nínú ìwádìí Ìbàdàn ti 1995, wọn kò rí i pé ó fa àìsàn náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n rí i pé ó ní agbára díẹ̀ lára ẹni tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá, ṣùgbọ́n agbára náà kò tó ti ibòmíràn.

Ẹ má ṣi mí gbọ́. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn yìí kò kàn wá. Ìdajì kì í ṣe òfo, àwọn àgbàlagbà wa sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ará Ìbàdàn kan náà fi hàn ní 2011 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi kún ewu náà láàárín Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni ní Ojo. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun àjogúnbá kan náà kò wúwo bákan náà nínú gbogbo ènìyàn, ìdánwò kan náà kò sì dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wá, kí ó rọra.

Ohun tí mo ṣe sí ìyá mi

Ní 2011, ìyá mi ń ta aṣọ ní Okokomaiko. Àbúrò mi obìnrin pè mí pé Màmá fún oníbàárà kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì, pé bí a bá bá wọn sọ̀rọ̀, ohun mìíràn ni wọ́n ń dáhùn. Mo mú wọn lọ sí ọsibítù kan. Òṣìṣẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, mú ìwé jáde, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè, èmi sì ń túmọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ déètì òní. Màmá ní àwọn kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ 7 kúrò nínú 100, kí wọ́n tún yọ 7 nínú èyí tí ó kù. Màmá wò mí, wọ́n wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan. Ìyá mi kò jókòó sí kíláàsì rí láyé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì sọ fún mi pé ọpọlọ Màmá ti ń kú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, èmi àti àwọn àbúrò mi ṣe ìpàdé. A kò pe ìyá wa sí i. A gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, a sì kó ìwé ilẹ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ mi. Màmá kò bá wa jà. Wọ́n kàn ń wò wá bí ẹni ń wo àlejò.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, mo ní kí n gba gbèsè ọjà tí ó wà níta. Mo bi Màmá bóyá wọ́n rántí ẹnikẹ́ni tí ó jẹ wọ́n. Wọ́n ka obìnrin 23 fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tí olúkúlùkù jẹ, irú aṣọ tí ó rà, àti oṣù tí ó rà á, Rajab ni tàbí Sha‘bān. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo lọ yí ọjà ká, kò sí èyí tí ó yẹ̀. Nígbà tí mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, etí ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Màmá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dáhùn ohun tí a kò bi wọ́n. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní, “Ó tán. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Alùkùránì, o kò bi mí léèrè.”

N kò ì tí ì sọ èyí tí ó dùn mí jù. Ní bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àìsàn ìgbàgbé náà dé lóòótọ́, a kò sì mọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2011 ti mú kí ojú tì wá, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ pé Màmá ń gbàgbé. Èmi ń lọ kí wọn lóṣooṣù. N ó jókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, n ó fún wọn lówó, n ó sì sáré lọ wọ ọkọ̀ ní Iyana-Iba. Nígbà tí wọ́n ṣìnà láàárín Okokomaiko àti Ajangbadi, ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn fún ọdún pípẹ́, ni a tó lọ rí dókítà. Dókítà bi mí pé, “Ní ọdún kan sẹ́yìn, kí ni Màmá mọ̀ ọ́n ṣe tí wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́?” N kò lè fèsì. Ọmọ ọdún 14 kan, ọmọ ayálégbé wa tí ó máa ń bá wọn ra àkàrà, ni ó dáhùn. Ó ní láti Ramadan tí ó kọjá ni Màmá ti ń kírun Màgàríbà lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú gààrí, pé wọ́n máa ń pe òun ní orúkọ àbúrò mi. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó mọ ìyá mi. Màmá lọ bá Ọlọ́run Allāh ní 2019. Kí Ọlọ́run kẹ́ wọn.

Àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù

Nínú Súrà Mutaffifīn, Ọlọ́run ṣe ìkìlọ̀ líle fún àwọn tí ń gba òṣùwọ̀n kíkún bí wọ́n bá ń rà, tí wọ́n sì ń dín in kù bí wọ́n bá ń tà. A máa ń ka súrà yìí sí ti àwọn oníṣòwò. Àwọn tí ń ta ìrẹsì ní Iyana-Iba àti àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ní Alaba ni a fi ń bá wí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó bá èmi náà wí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò lè sọ̀rọ̀, ìyá mi mọ ohun tí mo ń fẹ́ láti inú ẹkún mi. Òṣùwọ̀n kíkún ni ó fi wọ̀n mí. Nígbà tí ó di àgbà, ìwé ìbéèrè kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi wọ̀n ọ́n. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmú tí mo fún un kò tó.

Ìdí nìyí tí apá kejì ìdánwò Idikan fi ṣe pàtàkì sí mi. Kò sí ẹni tí a lè wọn ọpọlọ rẹ̀ ní òun nìkan. Ìdajì òṣùwọ̀n náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí bi ara rẹ̀: bí dókítà bá bi mí lónìí pé báwo ni baba mi ṣe rí ní ọdún kan sẹ́yìn, ṣé mo lè fèsì? Bí o kò bá lè fèsì, ìwọ ni ó kọ́kọ́ kùnà ìdánwò náà, kì í ṣe baba rẹ.

Bí a bá ti mọ̀, kí ni ó tọ́ láti ṣe?

Àṣìṣe méjì ni ènìyàn lè ṣe, mo sì ti ṣe méjèèjì. Èkíní ni kí a tètè gba iyì lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé ó wà nínú ewu. Èkejì ni kí a pa ojú dé nítorí ìtìjú títí ewu fi dé. Súrà Nisāi, áyà karùn-ún, fi ọ̀nà hàn wá. Ó ní kí a má fi ọrọ̀ sí ìkáwọ́ àwọn tí òye wọn kò pé, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí a máa bọ́ wọn nínú rẹ̀, kí a máa wọ̀ wọ́n láṣọ, kí a sì máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ rere. Ní 2011, mo mú ìbẹ̀rẹ̀ áyà yìí ṣe lórí ẹni tí kò kàn, mo sì fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí iyè rẹ̀ bá ti lọ, Ànábì ti sọ fún wa pé a ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni tí kò ní làákàyè títí yóò fi padà sípò. Bí ó bá gbàgbé ràkáà, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀wẹ̀, bí kálàmù bá ti kúrò lórí rẹ̀, kò kúrò lórí ìwọ tí o di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí o fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ìwé ilẹ̀. Olè ni ìyẹn, ì báà jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ náà ńkọ́? Arúgbó tí ń rìn kiri lóru, tí ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí, tí ń fẹ̀sùn kan àwọn ará ilé pé wọ́n jí owó òun, àmì àìsàn ni gbogbo rẹ̀ lè jẹ́. Súrà Hujurāt kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òmíràn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ìyá olóyè rírà ní àjẹ́ ti pa irọ́ mọ́ ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀.

Ohun kan tún wà láàárín àwa tí a jẹ́ oníkéú. Àwọn onítúmọ̀ Alùkùránì kan ròyìn láti ọ̀dọ̀ Ikrimah pé ẹni tí ó bá ń ka Alùkùránì kò ní dé ipò ọjọ́ ogbó tí kò mọ nǹkan mọ́. Ìrètí rere ni, a sì ń tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ sọ nípa àáfà àgbà kan tí ń gbàgbé Súrà Yāsīn pé ìmọ̀ rẹ̀ kò dénú. Ta ni ó fún wa ní òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́? Súrà Nahli, áyà 70, sọ pé a ń dá àwọn kan nínú wa padà sí ọjọ́ orí tí ó rẹlẹ̀ jù, kí wọ́n má mọ nǹkan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀. Kò sọ pé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni. Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń wá ìṣọ́ Ọlọ́run kúrò níbi ọjọ́ orí yẹn. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé jù lọ ń tọrọ ìṣọ́ kúrò níbẹ̀, ta wá ni èmi tí n ó fi ẹni tí ó bá a ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìdáhùn mi sí ọmọ náà

Mo sọ ohun mẹ́ta fún ọmọbìnrin náà. Èkíní, kí ó bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó bá dókítà sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni, ọpọlọ tirẹ̀ ni, òun ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun fẹ́ mọ̀ tàbí òun kò fẹ́. Èkejì, bí wọ́n bá lọ, kí ó rí i pé èdè tí màmá rẹ̀ gbọ́ ni a fi bi í, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí, ojú, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ wò, nítorí àwọn ìgbàgbé kan wà tí ìtọ́jú ń mú lọ. Ẹ̀kẹta ni ti òun fúnra rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, ìṣirò tí o kà nípa rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún. Má fi ìdààmú ra ohun tí kò ní ìwòsàn. Ohun tí wọn yóò ní kí o ṣe bí ewu rẹ bá pọ̀ náà ni wọn yóò ní kí o ṣe bí ó bá kéré: kẹ́kọ̀ọ́, rìn, má fa sìgá, dé akoto bí o bá gun ọ̀kadà ní títì Badagry, má gbé gbohùngbohùn sí etí, má jẹ́ kí ìyá rẹ dá nìkan wà. Bẹ̀rẹ̀ wọn lónìí.”

Mo tún rán an létí ọ̀rọ̀ Ànábì pé Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí yóò pín ní ogún kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí iyè ṣì pé ni a ń kọ wàsíyà. Èrè tí ó wà nínú mímọ ewu ṣáájú ni pé ó ń fún ènìyàn láyè láti san gbèsè, láti tọrọ àforíjì, láti yan ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún un nígbà tí òun kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í léèrè ohun tí màmá rẹ̀ sọ. Ó ní, “Wọ́n dákẹ́ pẹ́, Àáfà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ mú bírò wá. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àwọn jẹ lówó, kí àwọn tó gbàgbé. A kọ ọ́ títí di Ìṣáì. Àwọn ìtàn tí n kò gbọ́ rí ni wọ́n sọ fún mi.” Wọn yóò lọ rí dókítà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun ni yóò sì tẹ̀ lé màmá rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè apá kejì, yóò lè dáhùn.

Kí Ọlọ́run Allāh fi òye àti ìlera gbé àwọn òbí wa dé òpin ọjọ́ orí wọn. Kí Ó fún àwa ọmọ ní sùúrù láti fi òṣùwọ̀n kíkún wọ̀n wọ́n, bí wọ́n ti fi wọ̀n wá. Āmīn.